Tẹlifíṣàn Kì í Dúró De Ògbufọ̀

Kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín ní ìsọkúsọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fúnra mi. Èmi ni mo jẹ́ kí tẹlifíṣàn ilé ìwé yẹn sọ̀rọ̀. Ìjọba ló gbé e wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Makera, ní Kaduna níbí, wọ́n ní ọmọ tálákà náà gbọ́dọ̀ rí tíṣà gidi. Wọ́n gbé e sórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Odindi tẹ́ẹ̀mù kan ló fi wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó bí òkú. Kò sí antẹ́nà, kò sí iná tó ṣeé gbọ́kàn lé, kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi ni mo gun òrùlé páànù yẹn nínú oòrùn, tí mo so antẹ́nà mọ́ òpó, tí mo gbé bátìrì mọ́tò láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wá. Nígbà tí àwòrán jáde, àwọn ọmọ hó yèè. "Ẹnjiníà! Ẹnjiníà!" Orúkọ tí mò ń jẹ́ káàkiri àdúgbò nìyẹn látọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mò ń kọ́ṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí títì. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti kúrò nílé ìwé. Kì í ṣe pé orí mi ò pé o, wallahi. Sùúrù ni mi ò ní. Tíṣà á sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ló wá kù? Lọ́jọ́ kan mo dìde láàárín kíláàsì, mo jáde, mi ò padà mọ́. Bàbá mi nà mí títí apá fi ń ro ó. Látìgbà náà, bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, ẹnu ìyá mi ló ń gbà sọ ọ́.

Gbogbo ìrètí ilé wá kù sórí àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún méjìlá ni, pírámárì síìsì ló wà, nílé ìwé tí mò ń wí yìí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín ọjọ́ iṣẹ́ wọn kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sórí àga pákó ẹ̀ níwájú ilé, ó sọ̀rọ̀ sí gbogbo wa.

"Ilé ìwé ìjọba àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, tí ìjọba ń bọ́ wọn, ìyẹn nìkan lapá mi ká. Bó bá yege ìdánwò, ó lọ. Bí ò bá yege, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ń bẹ ní Kawo tó ń wá ẹni tí yóò bá a tajà ní gáréèjì. Kò sí ìkẹta." Ó wò mí. "Ọ̀kan nínú yín ti ba tiẹ̀ jẹ́."

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi tiẹ̀ sọ́wọ́ mi. Tẹlifíṣàn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, ta ló ń ṣe é? Bí ò bá yege, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́."

"Ta ló ti ń pè ọ́ tẹ́lẹ̀?" bàbá mi ní, ó sì wọlé lọ.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí mo ṣe di ẹni tó ń dúró ti tẹlifíṣàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kaduna, Hausa ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Torí náà, bí pásítọ̀ bá ń wàásù, ògbufọ̀ á dúró ti í, á máa tú u sí Hausa. Èmi ni ògbufọ̀ yẹn. Pásítọ̀ á sọ gbólóhùn kan, á dúró. Èmi á tú u, èmi náà á dúró. Ńṣe la dà bí ẹni méjì tó ń gún odó kan, ọmọ odó kò kan ara wọn rí. Bí mi ò bá sì gbọ́ ohun tó sọ dáadáa, mo máa ń fi tèmi dí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n á ṣe àmín ẹ̀ náà, nígbà míì wọ́n á ṣe é sókè ju ti pásítọ̀ lọ.

Tíṣà pírámárì síìsì, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Malama, ló ń mójú tó pírámárì fáìfù pẹ̀lú, torí tíṣà ibẹ̀ ti lọ kò padà. Ọmọ ọgọ́rin níbí, ọmọ ọgọ́rin lọ́hùn-ún. Nígbà tí ẹ̀kọ́ tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì ẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́ Túsìdè àti Tọ́sìdè, inú ẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti rí ìsinmi. Ọkùnrin kan tó wọ táì ló jáde nínú tẹlifíṣàn, ó dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó ń fi òyìnbó kọ́ni, ó ń sọ ọ́ wàràwàrà bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè níta. Àwọn ọmọ ń wò ó bí ìgbà tí màlúù ń wo rélùwéè.

Malama bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Èmi tí mo dúró ti bátìrì, ẹnu ń yún mi, mo bá tú gbólóhùn kan sí Hausa. Kíláàsì mí kanlẹ̀. Malama yíjú sí mi.

"Ìwọ gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Malama, òyìnbó yẹn? Òyìnbó kékeré nìyẹn."

Ó na pàṣán ọwọ́ ẹ̀ sí mi. "Gbà. Máa tú u fún wọn. Mo wà lọ́dọ̀ pírámárì fáìfù."

Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn o, èmi tí mo sá nílé ìwé. Àbúrò mi jókòó níwájú pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín ẹ̀ funfun.

Ṣùgbọ́n pásítọ̀ máa ń dúró dè mí. Ọkùnrin onítáì yẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó tú gbólóhùn kan tán, ó ti sọ mẹ́ta. Bí mo bá fetí sí mẹ́ta yẹn, mi ò lè sọ èyí tó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá ń sọ tẹnu mi, mi ò gbọ́ tiẹ̀. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́, ì bá pe Malama, kó ní ọ̀rọ̀ yìí ti ju òun lọ. Èmi kọ́. Mo ṣe bí mo ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí mi ò gbọ́, mo fi tèmi dí i. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè kan, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìdá kan pín ìdá mìíì. Ó kọ mẹ́ta lórí mẹ́rin, ó fi àmì pínpín sí i, ó kọ ẹyọ kan lórí méjì. Mò ń tú ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ fìrí pé kí wọ́n dojú ọ̀kan nínú méjèèjì délẹ̀, kí wọ́n wá fi sọ èkejì di púpọ̀. Èwo ni kí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀? Mi ò gbọ́ ibẹ̀. Mo bojú wo àwòrán, àwòrán ń yí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń ká. Mo gbá tẹlifíṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó fara balẹ̀, ọkùnrin onítáì ti nu bọ́ọ̀dù.

Gbogbo ojú ń wò mí. Ọgọ́rin bírò dúró lórí ìwé.

"Juya na farko!" ni mo ní lédè Hausa. Ẹ yí tàkọ́kọ́! Mo ní kí wọ́n pè é tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó lè wọ̀ wọ́n lórí. Wọ́n pè é, òrùlé ń dún. Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, mo yí tàkọ́kọ́, ó di mẹ́rin lórí mẹ́ta, mo fi sọ ẹyọ kan lórí méjì di púpọ̀, ìdáhùn jáde, mẹ́rin lórí mẹ́fà. Mo gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àbúrò mi na ọwọ́ sókè. "Bọ̀dá, kò jọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ni ò lè rí bẹ́ẹ̀?"

"Tá a bá gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, tá a jẹ ọ̀kan, ó ku mẹ́ta lórí mẹ́rin, àbí? Ààbọ̀ búrẹ́dì á jáde nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣẹ́ kù. Ìdáhùn yẹn yẹ kó ju ẹyọ kan lọ. Tiyín ò tó ẹyọ kan."

Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò bú sẹ́rìn-ín. "Kai, Ẹnjiníà! Ọmọbìnrin ti mú ẹ o!"

Ooru gba ojú mi. Kí n sọ òótọ́, mo rí i. Mo rí búrẹ́dì yẹn kedere bí ẹni pé ó wà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àbúrò mi lásán sì ni, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn.

Mo ní, "Ìwọ àti tẹlifíṣàn, ta ló mọ̀wé jù? Ṣé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ bi ọ́ ní kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì? Ebi ló ń pa ẹ́. Ó yá, kó ìwé ẹ, bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ògiri lọ́hùn-ún."

Ẹ̀rín kúrò lọ́dọ̀ mi, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó kó ìwé ẹ̀, ó lọ. Láti ọ̀dọ̀ ògiri yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo lójú ọ̀nà, ohùn tẹlifíṣàn ò dé. Ohùn tèmi nìkan ló ń dé. Mi ò sì pè é padà síwájú. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mà á pè é lọ́la. Nílé, kò ráhùn. Ó ń bu oúnjẹ fún mi bó ti ń bù ú tẹ́lẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ìdánwò fi dé. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó padà dé pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́, ó ní ó lọ dáadáa. Bàbá mi bọ́ fìlà ẹ̀, ó tún un dé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, tí mi ò lọ dúró ti tẹlifíṣàn ilé ìwé mọ́, ọ̀gá mi lọ ra ẹ̀yà ara rédíò ní ọjà, èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Alájì kan gbé tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère wá. Mo tún un ṣe, mo tàn án láti dán an wò. Ọjọ́ Tọ́sìdè ni, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Ọkùnrin onítáì ló jáde. Táì kan náà, bọ́ọ̀dù kan náà, mẹ́ta lórí mẹ́rin, ẹyọ kan lórí méjì. Wọ́n ń tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Àwòrán dúró ṣinṣin bí fọ́tò. Kò sí ọmọ tó ń pariwo, kò sí ohun tí mo fẹ́ tú fún ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí tẹ̀yìn. Ó dojú tẹ̀yìn délẹ̀. Ìdáhùn jáde, ó jẹ́ ẹyọ kan àti ààbọ̀.

Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó òjé wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ìgbà tó jó mi ní ìka. Àpá ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ dòní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bá àbúrò mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ṣe bí ẹni tí ò ní nǹkan kan lọ́kàn.

"Ìdá pínpín yẹn, ṣé ó jáde nínú ìdánwò?"

"Ó jáde, Bọ̀dá. Ìbéèrè mẹ́rin ni."

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Bẹ́ ẹ ṣe ní ká ṣe é."

"Búrẹ́dì ẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ju òkúta kan sọnù láàárín ẹ̀wà. "Tibúrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo wá pa á rẹ́. Mo ní ìjọba ló ń bi wá, ìjọba náà ló ni tẹlifíṣàn. Bóyá bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo ní, "O ṣe dáadáa." Mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kẹ́ ẹ wá wo ilé wa láàárín ìgbà yẹn. Bàbá mi ní kí alágbẹ̀dẹ kan ṣe àpótí onípáànù tí àbúrò mi yóò gbé lọ sílé ìwé, ó fúnra ẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ìyá mi ra korobá àti ṣíbí. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tá a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, bàbá mi dúró dè mí lójú ọ̀nà, nǹkan tí kò ṣe láti ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Ẹnjiníà, bá mi wo rédíò yẹn tá a bá délé, ó ń kùn." Òun náà pè mí ní Ẹnjiníà. Ó fọwọ́ kan èjìká mi. Mo tún rédíò náà ṣe kí n tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, èmi àti bàbá mi la lọ. Èrò pọ̀. Bàbá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó padà sókè, ó tún un ṣe. Orúkọ àbúrò mi ò sí níbẹ̀. Orúkọ ọmọ kankan láti ilé ìwé wọn ò sí níbẹ̀.

"Bóyá wọ́n gbàgbé ojú ewé kan," ni bàbá mi wí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Màgòmágó ni, Bàbá. Ọmọ àwọn ọlọ́lá ni wọ́n kọ orúkọ wọn. Haba, ẹ̀yin náà ò mọ̀ wọ́n ni?" Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ó gbà mí gbọ́, ó sì ń tù mí nínú títí a fi délé, pé mo gbìyànjú.

Èmi ni wọ́n ní kí n mú àbúrò mi lọ sí Kawo. A wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé àpótí aláwọ̀ ewé yẹn lé itan. Nígbà tá a kọjá afárá, mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo ẹ̀, tẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀bù, òwúrọ̀ yẹn, ohun tí mo máa ń fi dí ibi tí mi ò gbọ́. Mò ń retí kó sunkún, tàbí kó gbá mi létí, mà á gbà á. Ó ń wo ìta.

"Tẹ̀yìn ni?" ló bi mí.

"Tẹ̀yìn ni."

"Onítáì yẹn sì sọ ọ́ síta?"

"Ó sọ ọ́."

Bọ́ọ̀sì dúró, àwọn kan sọ̀, àwọn kan wọlé. Ó ní, "Ìwé wa, gbogbo wa la ti fún àwọn pírámárì fáìfù. Wọ́n ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ lọ sọ fún wọn, Bọ̀dá."

Ní gáréèjì Kawo, láàárín igbe àwọn tó ń pe èrò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba àpótí, ó wò ó lókè nílẹ̀. "Àpótí ilé ìwé ńlá báyìí! Ṣé ìwé ò yé e ni?"

Àbúrò mi ló dáhùn. "Mi ò yege ni, mà."

Ìgbà tí ilé ìwé wọlé lẹ́yìn hólídé ni mo tó lọ síbẹ̀. Mo ra búrẹ́dì kan dání. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo ti ń gbọ́ ọ: "Juya na farko! Juya na farko!" Pírámárì síìsì tuntun ló ń pè é, ohùn wọn ṣọ̀kan bí orin. Ọ̀gá mi ti gba bátìrì ẹ̀ padà, aṣọ ti padà sórí tẹlifíṣàn ní ọ́fíìsì. Malama ló ń kọ́ wọn fúnra ẹ̀, ìwé àlòkù kan ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo wọlé. "Malama, èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn ò dáa. Tẹ̀yìn ni wọ́n ń yí."

"Ta ló wí?"

"Tẹlifíṣàn."

"Tẹlifíṣàn ló sọ tàkọ́kọ́. Ọmọ ọgọ́rin ló kọ ọ́ bákan náà. Ìwọ lo tú u."

"Mi ò gbọ́ ọ nígbà yẹn. Tèmi ni mo fi dí i."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Odindi tẹ́ẹ̀mù kan? O ò sọ ọ́ nígbà yẹn, òní lo fẹ́ sọ ọ́? Ìwọ tó o sá nílé ìwé ní fọ́ọ̀mù tú, o wá bá tẹlifíṣàn ìjọba jiyàn? Kí lo mu láàárọ̀ yìí?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà ti ṣe é fún ẹnì kan rí.

Mi ò bá a jiyàn. Mo fa búrẹ́dì yọ nínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ gé e sí mẹ́rin. "Ẹ wò ó," mo ní. "Ká ní a jẹ ọ̀kan." Mo gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ kó méjì jọ, kí n fi ààbọ̀ hàn wọ́n, kí n fi èyí tó ṣẹ́ kù hàn wọ́n. Ọwọ́ kékeré kan ti yọ láti ìjókòó iwájú, ó ti gbé èyí tí mo yà sọ́tọ̀. Ọwọ́ kejì dé. Kí n tó ké, gbogbo kíláàsì ti dìde, wọ́n bò mí, àga ń ṣubú, Malama ń fi pàṣán lù wọ́n lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó yà. Púpọ̀ nínú wọn ò jẹun wá.

Nígbà tí wọ́n jókòó padà, èérún ló kù lórí tábìlì. Wọ́n ń jẹnu, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí bóyá mo ní òmíì. "Jáde," ni Malama wí. Mi ò jáde kíá. Mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ bi tíṣà ní nǹkan, kò pè mí. Mo wo bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dára gan-an, lẹ́tà ẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn láìwọ́. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà méjì sábẹ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Tọ́sìdè yẹn: Juya na farko.